Àdùkẹ́ ti sanra jù: bí mo ṣe ń dín oúnjẹ ejò mi kù

Tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, tí àwọn adìyẹ ilé kejì bá ti ń wọlé, ìgbà yẹn gan-an ni Àdùkẹ́ máa ń jáde látinú ìkòkò ẹ̀, á rọra wọ́ wá síwájú gíláàsì, á gbé orí sókè, á máa yọ ahọ́n, á máa wò mí bí mo ṣe jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi. Fún odidi ọdún kan, ohun tí mo ń rí kà nínú ìwò yẹn ni pé ebi ń pa á. Mo sì máa ń dìde. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dàgbà nírú ilé tiwa, tí nǹkan ẹlẹ́mìí bá ń wo ọwọ́ ẹ̀, kò lè jókòó kó máa wò ó padà, ó máa wá nǹkan fún un ni.

Ejò ni Àdùkẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sá lọ.

Kì í ṣe ejò inú igbó wa. Corn snake ni wọ́n ń pè é, ejò àgbàdo lèmi ń pè é, apá gúúsù-ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà nilé ẹ̀, láti New Jersey wá sísàlẹ̀ títí dé Florida. Kò ní oró rárá. Eku ló ń jẹ, ṣe ló máa ń fi ara wé eku náà mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́ kó tó gbé e mì. Àwọn kan ní torí pé inú àká àgbàdo ni wọ́n ti sábà máa ń rí i níbi tó ti ń ṣọdẹ eku ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn míì ní torí ikùn ẹ̀ ni, torí dúdú àti funfun ló tò síra wọn níbẹ̀ bíi hóró àgbàdo aláràbarà. Ẹ̀yìn ẹ̀ pupa bí epo tuntun, ó wá ní àmì pupa tó ṣókùnkùn ju ìyẹn lọ látorí dé ìrù, etí àmì kọ̀ọ̀kan dúdú yíká bí ìgbà tí èèyàn fi òwú dúdú gba etí aṣọ. Ó rẹwà gan-an ni.

Bọ̀dá mi ló ni ín. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Island ló fún un nígbà tó ń padà sílùú ẹ̀, nígbà tí Bọ̀dá mi náà wá fẹ́ japa lọ Kánádà lọ́dún 2022, ó gbé àpótí gíláàsì, ó gbé ejò, ó kó gbogbo ẹ̀ wá sílé wa ní Ìgbógbó níbí, ó ní oṣù mẹ́ta péré, òun á rí ẹni tó máa gbà á. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, mi ò tiẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á mọ́. Orúkọ òyìnbó kan ló ń jẹ́ nígbà yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ ní Àdùkẹ́, ẹni tí à ń dù láti kẹ́, mo sì kẹ́ ẹ lóòótọ́. Mo kẹ́ ẹ débi tí mo fi fẹ́ẹ̀ ba ara ẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ eléyìí, torí mo mọ̀ pé àwọn míì wà ní Èkó tí wọ́n ń sin ejò báyìí tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, tí wọn ò sì rí ẹni bi léèrè.

Bí Bọ̀dá mi ṣe ń fún un lóúnjẹ ni eku funfun ńlá kan lọ́sẹ̀, ní gbogbo Sátidé, eku tó tó 120 gíráàmù. Èmi wá fi tèmi kún un. Tí ẹni tó ń ta eku bá mú èyí tó kéré wá, mo máa ń fún un ní méjì kó má baà kéré jù, tó bá sì wò mí bó ṣe máa ń wò mí yẹn láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń wá ọ̀kan sí i. Kò kọ̀ rí. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn, pé ejò kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ oúnjẹ torí pé ó ti yó tàbí pé ara ẹ̀ ò nílò ẹ̀. Nínú igbó lọ́hùn-ún, eku tó bá rí lónìí lè jẹ́ òun nìkan ló máa rí fún ìgbà pípẹ́, torí náà ohun tó bá ti kọjá níwájú ẹ̀ ló máa gbé mì, ara ẹ̀ á sì tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù pa mọ́ bí ọ̀rá. Nínú àpótí gíláàsì nílé wa, kò sí ọjọ́ ìyàn kankan tó máa wá lo ọ̀rá yẹn. Ó kàn ń tò ó pa mọ́ ni.

Ìwò ìrọ̀lẹ́ yẹn náà, kì í ṣe ebi. Ìgbà tí wọ́n máa ń jí nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ sí òru ni wọ́n máa ń rìn, yálà wọ́n yó tàbí ebi ń pa wọ́n, ó kàn ń jáde wá wo ayé ni. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀, torí mo rò pé mo ti ń gbọ́ èdè ẹ̀.

Àǹtí mi kan wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́ lásìkò yẹn, wọn ò wọ yàrá o, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n na ọrùn, wọ́n ní "Háà, ó mà sanra o, ẹ ń tọ́jú ẹ̀!" Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn. Nílé wa níbí, tí wọ́n bá ní ara ẹ bọ̀, tí wọ́n ní o tóbi, àdúrà ló gbà yẹn. Èèyàn tó rù làwọn èèyàn máa ń bi pé kí ló dé. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi nílé pé nǹkan kan ń ṣe Àdùkẹ́, lójú gbogbo wa, ẹran tó ń gbádùn ni.

Ìkòkò ló là mí lójú. Ìkòkò amọ̀ kan wà nínú àpótí ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń se àgbo, mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó fẹ̀ tó íǹṣì kan àbọ̀, ibẹ̀ ló ń wọlé sùn sí. Lóru ọjọ́ kan mo ń gbọ́ tí nǹkan ń ha gíláàsì, krrr, krrr, tí kò dáwọ́ dúró. Mo tan fóònù wò ó, ìkòkò ló ń rìn. Àdùkẹ́ ti yọ orí àti ìdajì ara jáde, àárín ẹ̀ há sínú ihò, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, ó wá ń wọ́ odidi ìkòkò kiri inú àpótí. Ijọ́ kejì tó jẹun nìyẹn, oúnjẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ké pe màmá mi, àwọn tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ejò yẹn ti dé wọn ò fẹsẹ̀ tẹ yàrá ìránṣọ mi rí, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sí mi, wọn ò wọlé ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Mo mú ọmọ ọlọ, mo fi aṣọ wé e, mo ń rọra kan ìkòkò náà níbi tó jìn sí ara ẹ̀ títí tó fi là. Nígbà tó jáde, ojú ibi tó há ti bó díẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo mú téèpù mi. Iṣẹ́ mi ni láti wọn ara èèyàn, mi ò mọ ìdí tí mi ò fi wọn tiẹ̀ rí. Gígùn ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 52. Àárín ẹ̀, yíká, íǹṣì 5. Mo wá wò ó bí mo ṣe máa ń wo kọ́sítọ́mà tí bùbá ẹ̀ há, torí aṣọ tó bá ti há, ojú rírán ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, òwú á fà, ojú abẹ́rẹ́ á là, ẹ ó máa rí ara láàárín ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpẹ́ ara Àdùkẹ́ rí. Ó yẹ kí ìpẹ́ yẹn fara kanra tí ejò bá nà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ti jìnnà síra, awọ funfun ló ń yọ láàárín wọn, nígbà tí kò tiẹ̀ ní oúnjẹ nínú. Tó bá ká ara ẹ̀, awọ á ṣẹ́ po níbi tó ti ká. Ejò yìí tí ara ẹ̀ bá wà bó ṣe yẹ, kì í rí róbótó bíi páìpù omi, ṣe ló máa ń rí bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé wẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè ẹ̀ ló tẹ̀ kọrọdọ, igun méjèèjì ìsàlẹ̀ yẹn ló fi ń di igi mú tó bá ń gùn ún. Ti Àdùkẹ́ ti di páìpù. Níbi tí ikùn parí tí ìrù bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó máa tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lọ, àmọ́ tiẹ̀, ara á tóbi dé ibì kan, á wá já lójijì, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ti ejò míì ni wọ́n fi rán mọ́ ọn.

Mo wá dókítà ẹranko. Èyí tó wà nítòsí wa, ajá àti adìyẹ ló sábà máa ń tọ́jú, ó sọ fún mi láìfi pa mọ́ pé ejò àgbàdo kì í ṣe ohun tóun ń rí lójoojúmọ́, kí n fún òun lọ́jọ́ mẹ́ta kóun lọ kàwé, mo bọ̀wọ̀ fún un torí ìyẹn. Nígbà tó padà dé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ó dá mi lójú pé kì í ṣe ẹyin ló wà níkùn ẹ̀. Mo ní kò sí akọ kankan nílé. Ó ní abo lè yé ẹyin láìrí akọ, ẹyin náà ò ní ní ọmọ nínú ni, àti pé abo tó bá fẹ́ yé, èèyàn lè rò pé ó sanra, kó lọ dín oúnjẹ ẹ̀ kù lásìkò tí kò yẹ. Ó fi ìka méjì tẹ ikùn ẹ̀ jẹ́jẹ́ látòkè délẹ̀, kò sí nǹkan tó tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyin, ó rọ̀ lọ geere ni. Ó ní ká tún ní sùúrù wò ó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò yé nǹkan kan. Ọ̀rá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe lásìkò yẹn, torí mo mọ̀ pé òun ló máa wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ejò lè gba ààwẹ̀ oṣù púpọ̀, torí náà mo ní mo máa dá oúnjẹ dúró fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ọ̀rá yẹn yára jó. Dókítà ní rárá. Ó ní tí oúnjẹ bá dá lójijì lára ẹran tó ti sanra jù, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì máa gbà á, ẹ̀dọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rá ti lè wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ bá ti rì sínú ọ̀rá báyìí, ejò lè kú, kì í sì í ṣe nǹkan tí èèyàn máa tètè rí lára ẹ̀. Bó ṣe fi ọdún púpọ̀ sanra, ó ní ká má retí kó fi oṣù kan fọn. Ọdún kan, ọdún kan àbọ̀, kò burú.

Mo wá lọ sí Sábó, mo ra síkéèlì, èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà, tó ń ka gíráàmù. Mo fi ike onídèérí sórí ẹ̀, mo sọ síkéèlì di òdo, mo gbé Àdùkẹ́ síbẹ̀. 1,080. Èyí tó dàgbà nínú wọn sábà máa ń wà láàárín 400 sí 900, ó dá lórí bó ṣe gùn tó. Fún gígùn tiẹ̀, dókítà ní ká máa wo nǹkan bíi 750.

Báyìí la ṣe ṣe é. Oṣù kìíní, mi ò dín ọjọ́ kù púpọ̀, eku ni mo dín kù, láti 120 gíráàmù sí 60, ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, eku kan tó wà láàárín 40 sí 50 gíráàmù, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Láti oṣù kẹfà, eku yẹn kan náà, lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, òun náà la ṣì wà lórí ẹ̀ dòní. Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa nìyí: àwọn tó ń sin wọ́n máa ń ṣírò oúnjẹ àgbà ejò sí bí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀, kò burú, àmọ́ tí ejò yín bá ti sanra jù, ẹ má fi ìwọ̀n tó wà lára ẹ̀ lónìí ṣírò, ìwọ̀n tó yẹ kó wà ni kẹ́ ẹ lò. Tí mo bá fi 1,080 ṣírò, ọ̀rá ẹ̀ náà ni mo ń bọ́ yẹn. Ẹ tún wo ìbú eku, kó má ju ibi tó tóbi jù lára ejò lọ, èyí tó tín-ín-rín jùyẹn lọ ló dáa fún ẹni tó fẹ́ fọn.

Eku fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ibí ni mo ti kọ́ nǹkan jù. Ọkùnrin tó ń tà fún mi ń sin eku funfun fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, tí ìyá eku bá ti darúgbó tí kò bímọ mọ́, tó ti jókòó jẹun sanra, ẹ̀dínwó ló máa ń tà á, òun ni mo sì máa ń rà torí ó tóbi, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Ọ̀rá lásán ni. Báyìí, ọ̀dọ́ eku tó ń sáré kiri ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Ó máa ń pa á kó tó fún mi, kíákíá, torí mi ò fi eku ààyè sínú àpótí, eku tó ń jà fún ẹ̀mí ẹ̀ lè bu ejò jẹ ní ojú.

Àwọn ará àdúgbò wa nífẹ̀ẹ́ o, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé eku ni mo ń rà, Bàbá kan tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa gbé eku tí pańpẹ́ ẹ̀ mú wá fún mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n we é sínú bébà, wọ́n ní "kó o má náwó mọ́, ọmọ mi." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé mi ò lè lò ó. Ẹ wo iye ilé tó ń fi májèlé sílẹ̀ fún eku ní Ìkòròdú yìí, eku tí ẹ rí tó ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́ yẹn lè ti jẹ májèlé lánàá, ejò tó bá jẹ ẹ́ ti jẹ májèlé náà nìyẹn, yàtọ̀ sí aràn àti kòkòrò tó wà lára ẹ̀. Wọ́n lóye mi. Ìyàwó wọn ní ṣé mi ò lè máa fún un ní ẹran ọjà, kí n gé e wẹ́wẹ́, tàbí ẹja. Kò tó o. Odidi ẹran ni ejò fi ń gbélé ayé, egungun, ẹ̀dọ̀, ìfun, irun, inú egungun ló ti ń rí kálísíọ̀mù, inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń rí fítámì, ẹran tí wọ́n gé lọ́jà ò ní ìyẹn nínú.

Ọ̀rọ̀ fírísà ló le jù níbí. Àwọn tó wà níbi tí iná ò ti ń lọ, wọ́n á ra eku tó máa tó ejò wọn fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á kó o sí fírísà, wọ́n á máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, eku á yọ́, iná á dé, á tún dì, kokoro àrùn ti ń pọ̀ nínú ẹ̀ nìyẹn kí ẹ tó fún ejò. Mo sọ eku márùn-ún nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dùn mí, mo mọ iye tí mo rà á. Ohun tí dídín oúnjẹ kù wá ṣe fún mi tí mi ò retí ni pé mi ò nílò fírísà mọ́: eku kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta, mo lè pe ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, kó gbé e wá tútù. Tó bá jẹ́ pé dídì lẹ ní, ẹ gbé e sínú fírííjì kó yọ́ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi sínú náílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ ki náílọ́ọ̀nù náà bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ara ẹ̀ fi máa móoru. Ẹ má sè é o.

Mo ti fún un ní ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn akọ tí àwọn tó ń pa ẹyin adìyẹ kì í fẹ́. Ọ̀rá ò pọ̀ nínú ẹ̀ tó ti àgbà eku. Ó jẹ ẹ́, àmọ́ ìgbẹ́ ẹ̀ rùn dé pálọ̀, mi ò fi dípò eku, ìgbà tí mi ò bá rí ọ̀dọ́ eku ni.

Nígbà tí Bọ̀dá mi gbọ́, wọ́n bínú. Wọ́n pe fídíò, wọ́n ní kí n gbé fóònù síwájú àpótí, Àdùkẹ́ sì jáde wá torí ìrọ̀lẹ́ ni, ó gbé orí sókè. "Ṣó o ri báyìí? O ń febi pa ẹran mi." Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Màmá mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni dókítà tiwọn sọ fún wọn kí wọ́n dín ẹ̀bà kù, wọ́n sì sunkún lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ṣé ọjọ́ ogbó lòún ń jẹ ẹ̀bà tí kò kún ọwọ́. Wọ́n wá sọ fún Bọ̀dá mi pé, "Ṣé èmi tí àbúrò ẹ ń wọn oúnjẹ fún, ìyà ló fi ń jẹ mí? Ẹsẹ̀ mi tó wú ńkọ́, kò ti fọn? Jẹ́ kó ṣe é bó ṣe ń ṣe tèmi." Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ń wọ yàrá. Wọn ò fọwọ́ kàn án o, wọ́n kàn máa ń wá bi mí pé "Mélòó ló kà lóṣù yìí?", èmi náà á bi wọ́n pé mélòó ni ṣúgà tiwọn kà láàárọ̀.

Oúnjẹ nìkan kọ́ sá. Ẹran tó wà nínú àpótí tí kò rí ibi gùn, kí ló fẹ́ fi jó ọ̀rá? Mo gé ẹ̀ka gúáfà kan lẹ́yìnkùlé, mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ, mo gbé e dábùú àpótí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Àdùkẹ́ kàn ń gbà abẹ́ ẹ̀ kọjá ni, ìgbà tó gbìyànjú àtigùn ún, ó já bọ́, torí igun ìsàlẹ̀ ara ẹ̀ tó yẹ kó fi di igi mú ti rì sínú ọ̀rá. Mo sọ ẹ̀ka náà kalẹ̀ díẹ̀ kó má baà ṣèṣe. Ní Sọ́ńdè, tí kọ́sítọ́mà ò bá sí, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń fi aṣọ dí abẹ́ ẹ̀, mo á kó abẹ́rẹ́ àti pínnì gbogbo kúrò nílẹ̀, mo á wá gbé e sílẹ̀ kó máa rìn láàárín àwọn òwú àti ẹsẹ̀ máṣíìnì fún ìdajì wákàtí, èmi náà á jókòó sílẹ̀ máa ṣọ́ ọ. Àmọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, mi ò ní fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì, kó má baà pọ̀ ọ́.

Ooru tún wà níbẹ̀. Níbi tí òtútù wà nílùú wọn lọ́hùn-ún, tí òtútù bá dé, wọ́n á wọ inú ilẹ̀, wọn ò ní jẹun títí yóò fi lọ. Ní Ìkòròdú kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ lara ẹ̀ ń gbóná tó láti da oúnjẹ, torí náà àwa la máa bá a ṣe àsìkò tí kò ní jẹun púpọ̀. Nínú àpótí, apá kan yẹ kó wà ní bíi 30 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius, apá kejì kó tutù dé bíi 24 sí 25, kó lè yan èyí tó bá fẹ́. Ti apá tó tutù yẹn ló ń fún mi níṣòro, mo ti gbé àpótí kúrò lára ògiri tí oòrùn ń pa, orí táìsì ló wà báyìí. Ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń tan gílóòbù sí apá kan, lẹ́yìn wáyà tí kò lè dé.

Tí ojú ẹ̀ bá ti funfun bí ẹni tó fi wàrà sí i, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kò sì ní fẹ́ jẹun. Tẹ́lẹ̀, màá máa fi eku lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Báyìí mi ò lọ̀ ọ́ rárá. Mo máa ń dúró kó bọ́ ọ tán, kí n yẹ awọ náà wò bóyá ó jáde lódindi, torí nígbà tó sanra jù, awọ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn níbi tó ti ṣẹ́ po.

Kò lọ geere o. Oṣù kẹta, síkéèlì gbé 12 gíráàmù sókè, mi ò lè sùn, mo ń rò ó pé kí ni mo ṣe. Mo wá rí i pé ọjọ́ kẹrin tó jẹun ni mo wọ̀n ọ́n, kò tíì yàgbẹ́, eku ni mo wọ̀n mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tó ṣáájú oúnjẹ ni mo ń wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n kọ́sítọ́mà sí. Oṣù méjì kan wà tí kò lọ síwájú tí kò lọ sẹ́yìn. Mi ò fi kún un, mi ò dín in kù, mo kàn dúró.

Ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá ka eléyìí, kí ẹnikẹ́ni má lọ mú ejò nínú igbó Ìkòròdú wá sílé o, ṣèbé wà níbẹ̀, paramọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Tí ti yín bá sì sú yín, ẹ má tú u sínú igbó, ibẹ̀ kì í ṣe ilé ẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa gbà á.

Oṣù kẹrìnlá rèé. Sọ́ńdè tó kọjá, síkéèlì ka 862. Téèpù ka íǹṣì mẹ́rin àbọ̀. Ìpẹ́ ara ẹ̀ ti ń fara kanra, tó bá nà sílẹ̀ mi ò rí awọ funfun mọ́ àfi ní ibì kan nítòsí ìrù, ó sì ti ń gun ẹ̀ka gúáfà dé òpin, á wá so ara ẹ̀ kọ́ síbẹ̀ máa wo ojú fèrèsé. Ó ṣì máa ń wá wò mí ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń kí i, mo á sì máa ránṣọ mi lọ.

Mo ti ra ìkòkò míì. Ihò tí mo lu sí i, íǹṣì kan àbọ̀ náà ni, mo fi fáìlì ha etí ẹ̀ kó dán. Mi ò tíì gbé e sínú àpótí, ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ló wà, màmá mi ń fi kó òwú tó já sí.